Ta Ló Só ní Ibùsùn Kẹta?

Ìyá ìyá mi ló tọ́ mi, òun náà ló sì kọ́ mi ní iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe láyé: gbígba ìsó ẹlòmíràn. Kí ẹnikẹ́ni má dibọ́n pé òun ò mọ ohun tí mò ń sọ. Ní agboolé wa ní Ṣábẹ, àgbà kì í só. Bí àwọn àgbà bá jókòó, tí ohùn kan bá jáde láti ibi tí kò yẹ, ọmọ tó kéré jù níbẹ̀ ni yóò kúnlẹ̀, tí yóò ní, "Èmi ni, ẹ forí jì mí." Wọn á bá a wí díẹ̀, wọn á ní kò lẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ á sì tán. Bí ìyá àgbà mi bá ṣe tirẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan. Yóò kàn yíjú sí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí òórùn tó dé ọ̀dọ̀ àlejò, mo ti wà lórí eékún. Bí àlejò bá lọ tán, yóò bu kúlíkúlí fún mi, yóò ní, "Ọmọ dáadáa ni ọ́."

Ìyá àgbà mi fẹ́ràn ẹ̀wà. Ẹ bá mi ro iye kúlíkúlí tí mo jẹ.

Kí n tó pé ọmọ ọdún méje, mo ti gba ti ìyá àgbà mi, ti àwọn ìyàwó ilé, ti àlejò kan tó wá láti ọ̀nà oko wá parí ìjà, àti ti bàbá kan tó wá ka Bíbélì fún wa. Ti bàbá oníbíbélì yẹn le. Mo sọ èyí ná kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tí mo ṣe níwájú dókítà lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọgbọ́n, kì í sì í ṣe ìwà rere. Eékún mi ló ṣe é, èmi kàn wà lórí wọn ni.

Ìgbà Rẹfolúsíọ̀n ni mo di nọ́ọ̀sì, nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba, tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo wà, tí gbogbo wa sì di kamaràdì, ẹlẹgbẹ́ ara wa. Láràárọ̀ ni rédíò ń sọ fún wa pé kò sí ẹni tó ga ju ẹnì kan lọ mọ́. Mo kọ́ṣẹ́ ní Kútọnu, wọ́n sì dá mi padà sí Ṣábẹ, sí ilé ìwòsàn ìlú wa. Mo rò pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún mi mú. Póò ni wọ́n fún mi.

Olórí àwa nọ́ọ̀sì, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Màjọ̀ nítorí pé màjọ̀ ni orúkọ ipò rẹ̀, jẹ́ obìnrin gbọ̀gbọ̀rọ̀ kan, ọmọ Ṣábẹ pọ́ńbélé, tí kì í pariwo nítorí pé kò nílò rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó mú mi wọ yàrá tí a ti ń fọ póò, ó ti ilẹ̀kùn. "Ẹni gbogbo ló lè kọ́ abẹ́rẹ́ gígún," ó ní. "Èyí ni iṣẹ́." Ó kọ́ mi pé kí n máa fi omi gbígbóná ṣan póò kí n tó gbé e sábẹ́ aláìsàn, nítorí pé irin tútù a máa lé ìgbẹ́ padà sókè. Ó kọ́ mi pé kí n fa aṣọ ìkélé yí ibùsùn ká, kí n bọ́ síta, ṣùgbọ́n kí n má jìnnà, kí n máa kọrin jẹ́jẹ́ kí aláìsàn lè mọ̀ pé mi ò dẹtí sílẹ̀. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń nu obìnrin láti iwájú lọ sẹ́yìn, bí a ṣe ń gbé ìtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ wo àwọ̀ rẹ̀, àti bí a ṣe ń gbé ìgbẹ́ ẹlòmíràn kọjá láàárín èrò pẹ̀lú ojú ẹni tó gbé ọbẹ̀.

"Bí o bá yínmú," ó ní, "o ti sọ fún aláìsàn pé òun fúnra rẹ̀ ni òórùn náà. Kò ní ṣu mọ́. Ìtìjú yẹn á sì pa á kí àìsàn tó dé ìdí rẹ̀."

Òfin rẹ̀ kò ju méjì lọ. Ohun tó bá wọlé gbọ́dọ̀ jáde. Ohun tó bá jáde gbọ́dọ̀ wọ káyè. Káyè yìí ni ìwé ńlá tó wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn ọkùnrin. Ibùsùn kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀: ìtọ̀, mélòó; ìgbẹ́, irú wo; àti fún àwọn tí wọ́n bá la inú wọn, ìsó. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n bá fọ̀bẹ kan ìfun rẹ̀, ìfun náà á sùn. Ìsó ló fi ń sọ fún wa pé òun ti jí. Títí yóò fi sọ bẹ́ẹ̀, aláìsàn kò gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ kan ẹnu, ì báà jẹ́ ẹ̀kọ mímu. Bí ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin bá kọjá tí kò sọ nǹkan, dókítà á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀bẹ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n gbé bàbá kan dé láti Kaboua.

Àgbẹ̀ oníṣu ni, àgbà ẹbí, ẹni tí wọ́n ń ránṣẹ́ sí bí ìjà ilẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Ìpá ló ti há mọ́ ọn lábẹ́ ikùn, ó ń bì, òógùn bò ó, síbẹ̀ ó ṣì rántí béèrè lọ́wọ́ mi bóyá àwọn ará ilé mi jí dáadáa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló mú un wá. Mo mọ ọmọ yìí dáadáa. Tíṣà ni ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé nínú ìlú, ó sì ti tó ọdún kan tí a ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìkórè iṣu ni àwọn ẹbí rẹ̀ máa wá tọrọ mi lọ́wọ́ àwọn ẹbí mi. Bàbá yìí gan-an ni yóò gbẹnu sọ fún wọn, kò sì tíì fojú kàn mí rí. Ọmọ rẹ̀ ṣẹ́jú sí mi pé kí n dákẹ́. Mo dákẹ́.

Dókítà la inú bàbá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó tú ìfun tó há sílẹ̀, ó sì rán ibẹ̀. A gbé bàbá sí ibùsùn kẹta. Lórí ibùsùn kejì, a gbé oníṣòwò kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, mùsùlùmí tó ti ń gbé Ṣábẹ tipẹ́, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún òun náà lọ́jọ́ kan náà. Abọ́ tánganran ló ń tà lọ́jà, abọ́ ọbẹ̀ àti àwo ìfọwọ́ àti póò ọmọdé tó ní òdòdó lára. Àlàájì ni gbogbo ọjà ń pè é bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì rìn kọjá Paraku. Ó fi ọdún mẹ́wàá kéré sí bàbá, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àárín wọn kò fẹ̀ ju ibi tí àga kan lè gbà lọ.

Nírọ̀lẹ́, bàbá kò lè tọ̀. Ó ní ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n kò wá. Ìyá Màjọ̀ ti ń bọ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń fa ìtọ̀ nínú omi gbígbóná. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi láàyè díẹ̀. Mo fa aṣọ ìkélé, mo fún bàbá ní ìgò ìtọ̀, mo bọ́ síta, mo wá mú abọ́ méjì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da omi láti inú ọ̀kan sí inú èkejì, wọ́ọ́rọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹni tí ń fi omi ṣeré. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ tirẹ̀ tó ń dá tèmi lóhùn. Àlàájì ní, "Àlùbáríkà." Bàbá pè mí nígbà tó parí, ó wò mí dáadáa, ó ní, "Ọmọ yìí, orí rẹ pé. Ẹni tó bá fẹ́ ọ kò ṣòfò." Inú mi dùn débi pé mo kọ ìtọ̀ yẹn sínú káyè lẹ́ẹ̀mejì.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀ ni, mi ò ní rí nǹkan sọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá obìnrin ló bà á jẹ́. Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú ìkòkò àsáró, oúnjẹ tí àbúrò rẹ̀ kò lè jẹ, ó rí mi tí mo gbé póò kọjá, ó pàtẹ́wọ́.

"O ò mọ̀ ọ́n ni?" ó bi àbúrò rẹ̀. "Ìyàwó ọmọ rẹ nìyẹn! Ti ìkórè!"

Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú póò lọ́wọ́. Kí ni mo tún lè ṣe? Bàbá wo èmi, ó wo póò, ó wo ìgò ìtọ̀ tó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó fa aṣọ bora rẹ̀ dé àgbọ̀n. "Ìyàwó wa," ó ní, "o káre." Láti ìṣẹ́jú yẹn, kò wo ojú mi mọ́.

Bí àlàyé bá wà fún ẹni tí a kò bí sí ilé wa, òun nìyí: ọmọ ẹni lè gbọ́ nǹkan kan lára ẹni, aya ẹni lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìyàwó ọmọ, pàápàá èyí tí a kò tíì tọrọ, kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Bàbá pinnu nínú ara rẹ̀ pé òun kò ní só níbi tí mo bá wà. Ibi tí mo sì wà ni ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Ṣùgbọ́n ìfun kò mọ àna. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, bí mo ti ń tẹ́ ibùsùn ẹlòmíràn, mo gbọ́ ohùn kan láti ìhà ibùsùn kejì àti ìkẹta. Mo yíjú padà kíákíá. Bàbá ń wo àjà bí ẹni tí ń ka igi rẹ̀. Àlàájì na ìka kan sókè.

"Èmi ni o," ó ní. "Ẹ forí jì mí."

"Ẹ ṣeun, Àlàájì!" mo ní, mo sáré lọ kọ ọ́ sínú káyè. Ó mu ẹ̀kọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Bàbá ń wò ó bó ti ń mu ún, ó sì ń gbé itọ́ mì.

Lọ́jọ́rú, Àlàájì na ìka sókè títí ọwọ́ mi fi ro mí lórí káyè. Ìlà ibùsùn kejì kún, mo fa ìlà mìíràn sábẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà kún. Ìlà ibùsùn kẹta funfun báláú. Dókítà wa, ọmọ gúúsù tó jẹ́ pé Fọ̀n àti Faransé nìkan ló ń sọ, wo káyè, ó wo Àlàájì, ó bi mí kí ni ọkùnrin yìí ń jẹ. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bi bàbá bóyá atẹ́gùn ti ń jáde.

Ẹ gbọ́ ná. Èmi, ìyàwó àfẹ́sọ́nà, ni kí n bi bàbá ọkọ mi bóyá ó ti só.

"Bàbá," mo ní, lórí eékún, "dókítà ní kí n béèrè bóyá atẹ́gùn ń jáde."

"Atẹ́gùn Kaboua dára ju ti ibí lọ," bàbá dáhùn.

"Kí ló sọ?" dókítà béèrè.

"Ó ní kò tíì jáde," mo sọ fún un.

Mo rò pé ọmọ rẹ̀ lè ràn mí lọ́wọ́. Nígbà tó dé láti ilé ìwé nírọ̀lẹ́, mo fà á sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ní kó bi bàbá rẹ̀ fún mi. Tíṣà tó ń fi pàṣán kọ́ ọgọ́ta ọmọ wò mí bí ẹni pé mo ní kó lọ mú ejò. "Èmi?" ó ní. "Kí n bi bàbá mi?" Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé èmi ni n ó máa ṣe ọkùnrin nínú ilé wa.

Lọ́jọ́bọ̀, ikùn bàbá ti le. Dókítà fi ọwọ́ lù ú, ó dún bíi bẹ̀ǹbẹ́. Ó fi rọ́bà etí rẹ̀ gbọ́ ọ, ó ní inú ń kùn ṣùgbọ́n ohunkóhun kò jáde, ó ní ó ṣeé ṣe kí ìfun ti lọ́ mọ́ra wọn. Bí ó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì láìsí ìròyìn, òun yóò tún inú náà là. Ìyá Màjọ̀ dúró kí dókítà jáde. Lẹ́yìn náà ó sọ fún mi pé arúgbó tí kò jẹun láti ọjọ́ mẹ́rin, tí wọ́n bá tún la inú rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ jí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ aṣọ fífọ̀.

Mo gbé káyè lọ bá Àlàájì.

"Ẹ wo ìlà yín," mo ní. "Láti àárọ̀ títí di ìsinsìnyí, mẹ́rìnlá."

"Ọlọ́run ló ń fúnni," ó ní.

"Àlàájì, ṣé tiyín ni gbogbo rẹ̀?"

Ó wo ibùsùn kẹta. Bàbá ti pajú dé. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìsó inú ẹ̀kú ni, à-mú-mọ́ra ni," ó ní. "Ọmọ mi, mo kéré sí i. Bí mo bá tú àgbà síta, kí ni wọ́n máa pè mí ní Ògbómọ̀ṣọ́?"

Mo fẹ́ gbá a létí. Mo tún fẹ́ dì mọ́ ọn. Ohun tí mo ti ń ṣe fún kúlíkúlí láti kékeré ni òun náà ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú egbò lára. Mo sáré lọ bá dókítà, mo ní bàbá ti ń só, ẹlòmíràn ló ń gbà á. Dókítà bi mí ẹni wo ló lè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó bi mí bóyá mo gbọ́ ọ láti ìdí bàbá fúnra rẹ̀, bóyá mo lè búra. Mi ò lè búra. Nígbàkígbà tí mo bá súnmọ́ ibùsùn yẹn, bàbá á fún ìdí pọ̀, á máa wo àjà. Dókítà ní òun kò lè fi ẹ̀mí ènìyàn ta lótìrì, bí ikùn ṣe le yẹn.

Ìyá Màjọ̀ ní kí n mú bàbá rìn. Mo gbé e dìde, mo dì í mú ní apá, a rìn yí igi máńgòrò tó wà lágbàlá ká, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin láàárín itan. Mo mọ̀ pé ó ń fún ìdí pọ̀ ni. Níbi tí kò sí ẹlòmíràn, mo dúró.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́la, wọ́n fẹ́ tún la inú yín. Ohun tí wọ́n ń wá, ẹ ní i lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó jáde."

"Lẹ́yìn ìkórè," ó ní, "n ó jókòó níwájú àwọn ẹbí rẹ. Èmi ni n ó sọ̀rọ̀. Tí mo bá la ẹnu, tí ìwọ sì ti gbọ́ ohùn mi kejì, èwo lo máa gbà gbọ́ nínú méjèèjì?"

"Bàbá, ẹ lè kú."

"Ikú yá ju ẹ̀sín lọ," ó ní, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Mo padà, mo sọ fún Ìyá Màjọ̀. Ó ní ẹni tó dá òwe yẹn sílẹ̀ kò tíì rí ìfun tó lọ́ pọ̀ rí. Mo lọ sí yàrá póò, mo sunkún. Ojú ò tì mí láti sọ ọ́. Mo sunkún nítorí arúgbó kan tó fẹ́ kú nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún mi, mo tún sunkún nítorí ara mi: ta ni yóò fẹ́ ọmọbìnrin tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni bàbá ọkọ rẹ̀ kú sí, tí ó sì mọ ìdí rẹ̀?

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ní kí Àlàájì máa lọ ilé. Ó palẹ̀ mọ́, ó kí bàbá, ó fọwọ́ bo ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Mo fi í sílẹ̀ fún ọ," ó sì lọ tòun ti ẹrù aṣọ rẹ̀ tó dì.

Kò pẹ́ tí dókítà fi wọlé, kẹ̀kẹ́ aláìsàn tẹ̀ lé e. Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú ìjọba wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó wá ṣàbẹ̀wò sí àwọn aláìsàn lọ́jọ́ náà, ó wọ aṣọ tí wọ́n lọ̀ gírígírí, ó mú ìwé kékeré kan lọ́wọ́. Ìyá Màjọ̀ dúró, ẹ̀gbọ́n bàbá obìnrin dúró, ó ń nu ojú rẹ̀ nù. Aṣojú ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní ara líle àwọn ará ìlú ni agbára ìlú. Èmi ní tèmi, mo dáwọ́ mi méjèèjì lé ẹ̀yìn bàbá, mo yí i sí ìhà òsì rẹ̀ kí a lè rí i gbé sórí kẹ̀kẹ́.

Níbẹ̀ ni ó ti jáde.

Mo ti gbọ́ ìsó láyé mi, ẹ ti mọ̀. Mi ò gbọ́ irú èyí rí. Ìsó ọjọ́ mẹ́rin ni. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó gun òkè, ó sinmi díẹ̀, ó rántí nǹkan, ó tún bẹ̀rẹ̀. Aṣojú ẹgbẹ́ dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Gbogbo ojú lọ sí ibùsùn kejì. Ibùsùn kejì ṣófo.

Ó yẹ kí n fò sókè. Ó yẹ kí n pariwo pé, "Dókítà, ṣé ẹ gbọ́!" Ohun tí mo ti fi ọjọ́ mẹ́rin gbàdúrà fún ló dé yẹn. Àmọ́ èmi ni mo kéré jù nínú yàrá náà. Kí ọpọlọ mi tó dé, eékún mi ti kan sìmẹ́ńtì, ẹnu mi ti là, mo sì gbọ́ ohùn ọmọ ọdún méje tó ń jáde níbẹ̀:

"Èmi ni, ẹ forí jì mí."

"Kí ló sọ?" dókítà béèrè.

Ìyá Màjọ̀ wò mí bí ẹni tó rí ewúrẹ́ tó wọ bàtà. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún un. Dókítà wo aago rẹ̀. Ó ní, bó bá jẹ́ èmi ni, kí wọ́n máa gbé bàbá lọ.

Wọ́n gbé e sórí kẹ̀kẹ́. Bí mo bá ní irọ́ ni mo pa, ta ni yóò gbà mí gbọ́? Wọ́n tì í dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni bàbá ti na ọwọ́ méjèèjì, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, kẹ̀kẹ́ sì dúró gbàgà.

"Ẹ dúró," ó ní. Ohùn tó fi ń parí ìjà ilẹ̀ ló fi sọ ọ́. "Irọ́ ni ọmọ yẹn ń pa. Èmi ni mo só."

Ó wo aṣojú ẹgbẹ́, ó wo dókítà, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Èmi ni mo só lónìí. Èmi ni mo só lánàá. Gbogbo èyí tí ẹ kọ sí orí ará Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn, tèmi ni, àyàfi mẹ́ta."

Ó sì fi òmíràn ṣe èdìdì rẹ̀, níbẹ̀, lójú gbogbo wa, láìwo àjà.

Ìyá Màjọ̀ kò tíì túmọ̀ rẹ̀ tán tí dókítà fi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n bàbá kígbe ayọ̀ bí ẹni tí wọ́n bí ọmọ fún. Aṣojú ẹgbẹ́ kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ó bá na ìkúùkù sókè, ó ní ìjàkadì ń tẹ̀ síwájú. Wọ́n yí kẹ̀kẹ́ padà. Mo ṣì wà lórí eékún. Nígbà tí bàbá dé ọ̀dọ̀ mi, ó wo ojú mi, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Dìde," ó ní. "Ìyàwó tó gba ìsó bàbá ọkọ rẹ̀ lójú ìjọba, kí ni kò ní bá wa gbé?"

Mo dìde, mo lọ sí ibi káyè, mo sì kọ ọ́ sí ìlà ibùsùn kẹta. Bàbá mu abọ́ ẹ̀kọ méjì.

Lẹ́yìn ìkórè, ó jókòó níwájú àwọn ẹbí mi, ó sọ̀rọ̀ fún bí wákàtí kan. Ó ní ọmọ yìí ti bá àwọn gbé ẹrù kó tó wọ ilé àwọn. Àwọn ẹbí mi rò pé òwe ni. Àlàájì, tó jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú àwo tánganran tó mú wá ṣe ẹ̀bùn fún mi, fi fìlà bojú.

Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Bàbá ọkọ mi kò gbàgbé. Nígbà tó darúgbó kùjọ́kùjọ́, tí kò lè dìde mọ́, ọ̀dọ̀ wa ló wà. Èmi ni mò ń fi omi gbígbóná ṣan póò rẹ̀, èmi ni mò ń pààrọ̀ aṣọ tó bá tọ̀ sí, mo sì ń fi òróró pa ìdí rẹ̀ kó má baà dégbò. Kò tún fún ìdí pọ̀ fún mi mọ́ rí. Nígbàkígbà tí ohùn rẹ̀ kejì bá jáde, yóò pè láti inú yàrá, "Nọ́ọ̀sì! Kọ ọ́ sílẹ̀!" Bí àlejò bá wà, yóò tún pariwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ mi á sá jáde. Èmi á dáhùn láti ìdí ààrò pé, "Mo ti kọ ọ́, Bàbá."

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, àwọn àgbà ẹbí ti dé láti Kaboua, wọ́n kún yàrá. Bàbá kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìjẹta. Mo yí i sí ìhà òsì rẹ̀ láti nu ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì jáde, kékeré, bí èémí ọmọ tuntun. Àwọn àgbà wo ilẹ̀. Mo dúró díẹ̀, bóyá yóò pè mí. Ètè rẹ̀ mì, ohùn kò wá.

Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni," mo ní. "Ẹ forí jì mí."

Wọ́n bá mi wí díẹ̀, bó ti yẹ. Lábẹ́ aṣọ bora, ọwọ́ bàbá wá ọwọ́ mi rí. Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì fi ìka rẹ̀ fa ìlà kan síbẹ̀, bí ẹni tó ń kọ ọ́ sínú káyè, òun tí kò kàwé rí.